Tesilimi Balógun ní Ìlú Ọba: Àyẹ̀wò Ìtàn Agbábọ́ọ̀lù Alárìnkiri nínú Àwọn Líìgì Ìsàlẹ̀

1.0 Ìfáárà

Ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó, pápá ìṣeré ńlá méjì ni ó wà ní ìtòsí ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, èkejì sì jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí èkejì yìí, ọdún 2007 ni iṣẹ́ sì parí lórí rẹ̀. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ni wọ́n fi sọ ọ́: Tesilimi Ọláwálé Àyìndé Balógun, ẹni tí àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ ń pè ní “Thunder”, ìyẹn ni pé àrá ni ìbọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ta ni Balógun, ìdáhùn kì í wọ́n wọn. Òmíràn á ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa ya àwọ̀n. Òmíràn á ní ó gbá bọ́ọ̀lù lu aṣọ́lé kan, aṣọ́lé náà sì gba ibẹ̀ kú. Òmíràn á ní òun ni ó jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo òyìnbó tí ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. A kò tíì gbọ́ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wí pé eré líìgì 13 péré ni Balógun gbá fún Queens Park Rangers, tàbí pé góòlù 3 ni ó jẹ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, èyí ni àkọsílẹ̀ wí.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àkọsílẹ̀ kékeré yìí dín iyì Balógun kù ni, tàbí ó fi kún un? Èrò wa ni pé ó fi kún un, bí a bá mọ irú ayé tí ó wọ̀ nígbà tí ó wọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó wo ilé tí ó ti kúrò, a ó wo ètò líìgì tí ó bá níbẹ̀, a ó tẹ̀ lé e láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí olùkọ́ lè rí kọ́ nínú rẹ̀.

2.0 Ilé tí ó fi sílẹ̀

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1931 ni a bí Balógun ní Èkó. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, bọ́ọ̀lù ti gbilẹ̀ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n kò tíì di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ọdún 1945 ni ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ni ó sì kọ́kọ́ gba ife náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Réluwéè ni ó gbà á.

Kí òǹkàwé kíyè sí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ilé-iṣẹ́ ni ó ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún Réluwéè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ akọ̀wé tàbí oníṣẹ́-ọwọ́ níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, kì í ṣe ti góòlù tí ó jẹ. Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá wá fẹ́ràn ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ni wọn yóò fi fà á mọ́ra. Balógun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Réluwéè, fún UAC àti fún Pan Bank. Nítorí náà, kí ó tó rí òkun rárá ni ó ti mọ ohun tí à ń pè ní ṣíṣí láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn.

Ohun tí kò sí nílé ni líìgì tí ènìyàn lè fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ọdún 1972 ni líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1990 ni wọ́n tó sọ ọ́ di líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun ní àwọn ọdún 1950, àfi kí ó di èrò òkèèrè.

3.0 Ìrìn-àjò ọdún 1949

Èrò òkèèrè náà kò ṣàdédé wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi MV Apapa lọ sí Liverpool, láti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gba owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díje. Etim Henshaw ni olórí ikọ̀ náà. Balógun, tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, wà lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà; ìfàlà aṣọ ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n fi góòlù 5 sí 2 borí ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, ẹnu sì ya àwọn òǹwòran. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bishop Auckland, irú iye bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi borí tiwọn. Ní gbogbo rẹ̀, eré tí wọ́n fìdí-rẹmi nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n borí lọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1949, wọ́n sì borí Sàró pẹ̀lú góòlù 2 sí òdo.

Ìrìn-àjò yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí a ń sọ, nítorí pé ó la ojú méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà rí i pé àwọn lè bá òyìnbó gbá a; àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rí i pé ẹsẹ̀ ń bẹ ní Áfíríkà. Titus Okere, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ lọ, ni ó kọ́kọ́ padà síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ Swindon Town gbà á síṣẹ́. Ikọ̀ kejì ni wọ́n fi sí, kò sì rí àyè wọ ikọ̀ àkọ́kọ́ nínú eré líìgì. Bí ọ̀nà náà ṣe rí nìyẹn kí Balógun tó gbà á.

4.0 Bí ètò líìgì ṣe rí nígbà náà

Kò sí bí a ṣe lè wọn iṣẹ́ ẹni tí ń rìn nínú igbó tí a kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣàlàyé ètò líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ìpele Kìíní àti Ìpele Kejì ni ó wà lókè. Ìpele Kẹta pín sí méjì, ti Gúúsù àti ti Àríwá, títí di ọdún 1958 tí wọ́n tún un tò sí Ìpele Kẹta àti Ìpele Kẹrin. Ẹgbẹ́ 24 ni ó wà ní Ìpele Kẹta ti Gúúsù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 46 lọ́dún, ẹyọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń gòkè. Lábẹ́ gbogbo èyí ni àwọn líìgì mìíràn wà tí kò sí nínú ètò àpapọ̀ náà, bíi líìgì Midland. Ẹgbẹ́ tí ó bá wà níbẹ̀ kò lè gòkè nípa bíborí nìkan. Àfi kí àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lókè dìbò fún un.

Owó iṣẹ́ náà ní ààlà. Láàrin ọdún 1953 sí 1957, £15 ni owó tí ó ga jù tí ẹgbẹ́ inú líìgì àpapọ̀ lè san fún agbábọ́ọ̀lù kan lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje, £12 sì ni nígbà ìsinmi. Ààlà òkè ni èyí o. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ìpele ìsàlẹ̀ kò dé ibẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1961 ni wọ́n tó mú ààlà náà kúrò.

Àdéhùn iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bí ọdún bá parí, ẹgbẹ́ lè sọ pé kí agbábọ́ọ̀lù máa lọ, ó sì lè dá a dúró kí ó má lè lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, bí àdéhùn rẹ̀ tilẹ̀ ti tán. Ọdún 1963 ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, nínú ẹjọ́ tí George Eastham pe ẹgbẹ́ Newcastle United.

Ohun mìíràn tún wà. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ẹnìkan rọ́pò ẹnìkan. Ìdíje ọdún 1965 sí 1966 ni òfin àrọ́pò bẹ̀rẹ̀ nínú líìgì àpapọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ènìyàn 11 péré ni ó ń ríṣẹ́ ṣe ní ọjọ́ eré. Ẹni kejìlá, bí ó ti wù kí ó dára tó, ikọ̀ kejì ni ó ń lọ. Lónìí, atamátàsé lè wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbá eré kan. Nígbà ayé Balógun, eré 13 túmọ̀ sí ìgbà 13 tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú gbogbo atamátàsé yòókù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un ju bí ó ṣe ṣí fún ará ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Láti ọdún 1931 ni òfin ti wà pé àjèjì gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ọdún méjì kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà, òfin ọdún 1948 sì ka ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso kún ara wọn. Ìgbèkùn òṣèlú tí ó di wá mú nílé náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún Balógun lókè òkun. Irú ìtakora báyìí ni ó ń mú kí ìtàn gba àròjinlẹ̀.

5.0 Ọdún méjì, ẹgbẹ́ mẹ́rin

Ní ọdún 1955 ni Balógun lọ bá ẹgbẹ́ Peterborough United. Ìlú réluwéè ni Peterborough jẹ́, ìlú tí a ti ń mọ bíríkì pẹ̀lú. Líìgì Midland ni ẹgbẹ́ náà wà nígbà náà, George Swindin, tí ó ti ṣe aṣọ́lé fún Arsenal, ni ó sì ń darí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibi yẹpẹrẹ ni Balógun bọ́ sí. Láti ìdíje ọdún 1955 sí 1956 ni Peterborough ti gba líìgì náà fún ìgbà márùn-ún léra wọn, kí wọ́n tó dìbò fún un wọ líìgì àpapọ̀ ní ọdún 1960. Ẹgbẹ́ tí ó lágbára jù ní líìgì rẹ̀ ni ó wọ̀. Níbi tí ó sì lágbára, àyè kì í pọ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, ó kọjá sí Skegness Town, ní ìlú etíkun kan ní agbègbè Lincolnshire. Kò pẹ́ níbẹ̀. Kí ọdún 1956 tó parí, Queens Park Rangers ti gbà á wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìpele Kẹta ti Gúúsù ni ẹgbẹ́ yìí wà, Loftus Road ni pápá rẹ̀. Níbẹ̀ ni Balógun ti gbá eré líìgì 13, tí ó sì jẹ góòlù 3. Nígbà tí ìdíje náà parí ní ọdún 1957, ó padà sí Lincolnshire, sí ẹgbẹ́ Holbeach United, níbi tí kò sí nínú líìgì àpapọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a to ẹsẹ̀ ìrìn náà: Peterborough, Skegness, Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Holbeach. Ẹgbẹ́ mẹ́rin láàrin nǹkan bí ọdún méjì. Ó gòkè, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù alárìnkiri nìyí, ẹni tí kì í tú ẹrù rẹ̀ tán kí ó tó tún dì í.

6.0 Kí ni àkọsílẹ̀ náà ń wí?

Bí a bá fi 13 wé 46, a ó rí i pé kò tó ìdá mẹ́ta eré ọdún náà. Ẹni tí ó bá fi ojú òní wò ó lè pòṣé. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ìṣirò nìkan. Ó yẹ kí a béèrè pé ta ni àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìpele náà.

Ẹgbẹ́ tí ó gba Ìpele Kẹta ti Gúúsù ní ọdún tí à ń wí yìí ni Ipswich Town, lábẹ́ Alf Ramsey. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ yìí gba Ìpele Kìíní. Ní ọdún 1966, Ramsey kan náà ni ó darí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ife Àgbáyé. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní “ìsàlẹ̀” kì í ṣe ibi eré ọmọdé. Àwọn tí yóò gòkè wà níbẹ̀, àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń du oúnjẹ.

Ọmọ Áfíríkà mìíràn tún wà ní ìpele yìí ní ọdún kan náà. Steve Mokone, láti ilẹ̀ South Africa, wà ní Coventry City, eré líìgì 4 péré ni ó sì gbá fún wọn. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Heracles ní Almelo, ní ilẹ̀ Netherlands. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọyì rẹ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ apá kan ibùjókòó òǹwòran ní pápá wọn. Bí ẹnìkan bá dá Mokone lẹ́jọ́ pẹ̀lú eré 4 ti Coventry, ẹjọ́ èké ni ó dá. Bákan náà ni ti Balógun. Iye eré ń sọ fún wa iye ìgbà tí a pè é. Kò sọ fún wa iye tí ó tọ́ sí i.

Ṣáájú àwọn méjèèjì ni Arthur Wharton, tí a bí ní Accra ní ọdún 1865, ti ṣe aṣọ́lé fún oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Òun náà rìn kiri láti Preston dé Rotherham, dé Sheffield, dé Stalybridge. Lẹ́yìn Balógun ni Elkanah Onyeali lọ sí Tranmere Rovers ní ọdún 1960. Bí a bá to àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tẹ̀ léra wọn, a ó rí i pé ojú ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń là. Ẹni tí ń la igbó kì í sáré bí ẹni tí ń gba títì.

7.0 “Thunder” àti ìtàn àtẹnudẹ́nu

A padà sórí àwọ̀n tí ó ya àti aṣọ́lé tí ó kú. Àwùjọ Yorùbá kì í sọ ẹni lórúkọ láìnídìí. Inagijẹ “Thunder” ń tọ́ka sí agbára ìbọn ẹsẹ̀. Ibi tí a bá sì ti dárúkọ àrá, ọkàn ọmọ Yorùbá kì í jìnnà sí Ṣàngó. Ẹ̀dùn àrá kì í bọ́ lásán. Nígbà tí orúkọ náà ti wà nílẹ̀, kò ṣòro fún ìtàn láti wá òkú kún un.

A kò sọ pé kí olùkọ́ kó irú ìtàn báyìí dànù. Ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kí ni? Ẹ̀rí ohun tí àwọn ará Èkó fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ́ ní àkókò tí orílẹ̀-èdè ń múra òmìnira. Ọmọ Mùsùlùmí Èkó kan lọ gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn tí ń ṣàkóso wa, wọ́n sì sanwó fún un. Inú wa dùn, a sì fi ìdùnnú náà kún ìtàn. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi ìdùnnú yìí rọ́pò àkọsílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí 13 àti 3 nínú ìwé, tí kò sì sí ẹni tí ó ti múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, yóò rò pé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ nípa Balógun ni èké.

8.0 Àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sórí ìtàn àtijọ́. Nínú kíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò lọ kọ́, ọmọkùnrin mẹ́wàá ni yóò wí pé bọ́ọ̀lù ni àwọn fẹ́ ṣe, orúkọ ìràwọ̀ kan tàbí méjì péré ni wọn yóò sì dá. Àwọn tí ń fi ọ̀nà Yúróòpù gba owó lọ́wọ́ òbí mọ èyí dáadáa. Wọn yóò fi àwòrán ìràwọ̀ hàn, ìyá yóò ta aṣọ òkè rẹ̀, bàbá yóò ta ilẹ̀. Láti ọdún 2001 ni àjọ FIFA ti ṣe òfin tí ó dín gbígbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kù gidigidi. Ṣùgbọ́n òfin tí òbí kò gbọ́ rí kò lè gba òbí.

Ìtàn Balógun wúlò níhìn-ín, nítorí pé ó jẹ́ ìtàn ohun tí ó wọ́pọ̀. Mélòó ni yóò dé òkè? Díẹ̀. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá tilẹ̀ ríṣẹ́, Skegness àti Holbeach ni tiwọn: ìlú kékeré, àdéhùn ọdún kan, òtútù, ikọ̀ kejì. Olùkọ́ lè fi eléyìí kọ́ni ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ó ya àwòrán ilẹ̀, kí àwọn ọmọ sì fi ìlà so àwọn ìlú tí Balógun gbé. Èkejì, kí ó fún wọn ní ìtàn àtẹnudẹ́nu àti àkọsílẹ̀ pa pọ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́rìí sí. Ẹ̀kẹta, kí ó béèrè pé kí ni Balógun ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè bọ́ ọ mọ́.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta yìí ni ó dùn mọ́ wa jù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Balógun padà sí Nàìjíríà, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ohun tí ó rí ní ikọ̀ kejì, ohun tí ó rí níbi tí wọ́n ti dá a dúró àti ibi tí wọ́n ti ní kí ó máa lọ, ni ó kó wálé. Olùkọ́ ni ó fi ayé rẹ̀ ṣe gbẹ̀yìn. Kò yẹ kí àwa olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbàgbé èyí.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé iye eré tí Tesilimi Balógun gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré, àti pé kíkéré rẹ̀ kò bu iyì rẹ̀ kù. A ti rí ilé tí kò ní líìgì oníṣẹ́; a ti rí ètò tí ó fi ààlà sí owó, tí ó so agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí kò sì fàyè gba àrọ́pò; a ti rí ìpele tí àwọn alágbára wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kúrò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà 13, iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1972 ni Balógun kú, ní ọmọ ọdún 41. Ọdún náà gan-an ni líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ kọjá òkun dé sílé nígbà tí ó ń lọ. Nígbà tí a bá tún mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé ẹnu ọ̀nà pápá Sùúrùlérè, kí a sọ nípa àrá fún wọn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí a sọ nípa 13 àti 3 fún wọn, kí a sì fi sùúrù dúró títí wọn yóò fi yé e.